Níbo Ni A Óò Ti Tú Ajá Sílẹ̀ Ní Àbújá Olókè Yìí?

Ọ̀rọ̀ ajá ni a fẹ́ sọ ní oṣù yìí, nítorí ó ti fẹ́ di ìjà láàárín àwa àti àwọn tí a jọ ń gbé.

Gbogbo wa ni a mọ bí ó ti rí. Nítorí ìbẹ̀rù olè àti ajínigbé, ilé tí kò ní ajá láàárín wa kò pọ̀ mọ́. Ẹni tí owó rẹ̀ tó ra Boerboel, ẹni tí owó rẹ̀ kò tó mú Bíńgò. Ṣùgbọ́n àgbàlá tí a ń gbé kò ju ibi tí a lè sá aṣọ mẹ́rin sí lọ. A ó so ajá mọ́ ẹ̀wọ̀n láti òwúrọ̀ di alẹ́, yóò máa yí òpó po, yóò máa gbó òjìji, ọjọ́ tí ó bá sì já, ẹni tí ó kọ́kọ́ bá pàdé ni yóò bù jẹ. Àwọn aládùúgbò wa tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá wà nínú wọn, kò fẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ ìrun wọn, ẹ̀tọ́ wọn sì ni. Ni a bá gbé ojú wa sókè sí àwọn òkè.

Àwa tí a ń ṣe akọ̀wé ní rélùwéè, láti Idu dé Kubwa ni a ń rí àpáta láti ojú fèrèsé ọkọ̀ ojú irin, wọ́n jókòó bí erin tí ó sùn. Ọjọ́ ìsinmi wa ni a fi rìn wọ́n ká, àwa àti ìdílé wa, pẹ̀lú ajá wa tí ń jẹ́ Tanímọ̀la.

Àpáta Aso, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dán an wò. Nítòsí rẹ̀ ni ilé Ààrẹ, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin àti Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ wà. Àwọn sójà ń ṣọ́ ibẹ̀, Tanímọ̀la kò sì ní ìwé ìpè. Òkè Katampe, tí wọ́n máa ń pè ní àárín gbùngbùn Nàìjíríà, atẹ́gùn ibẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ilé tuntun ń yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká lójoojúmọ́. Ní Mpape, ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta tẹ́lẹ̀ ti di adágún omi. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ń lọ wò ó, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ gé bí ògiri, ajá tí ń lé alángbá kì í wo iwájú. Zuma, tí àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn owó ọgọ́rùn-ún náírà, ọ̀nà Kaduna ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ọkọ̀ ibẹ̀ kì í sì í dúró de ajá.

Ibi tí ó tẹ́ wa lọ́rùn ni ẹ̀yìn Ushafa, ní ọ̀nà Bwari, abúlé amọ̀kòkò tí Ààrẹ Bill Clinton ti Amẹ́ríkà bẹ̀ wò ní 2000. Òkè wà, pápá wà, ariwo kò sí. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ajá dé inú omi dáàmù Usuma, nítorí omi tí a ń mu ní Àbújá ni.

Kí a tó tú okùn, a wá bàbá kan tí oko rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ òkè lọ. Gbagyi ni, àwọn tí a máa ń pè ní Gwárí. A mú obì dání. Ó gba obì, ó kọ owó, ó sì fi Hausa bá wa sọ̀rọ̀ pé: “Ẹ̀yin àlejò rò pé igbó lásán ni. Ibi tí ajá yín ń wò yẹn, oko iṣu ẹ̀gbọ́n mi ni. Àpáta tí ó wà lókè yẹn, ibẹ̀ ni àwọn baba ńlá wa sá sí nígbà ogun ẹrú.”

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ wá lára. Àwa tí a mọ ìtàn Olúmọ, tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí abẹ́ rẹ̀ ní 1830, kò yẹ kí a gbọ́ irú èyí bí àjèjì. Òfin kẹfà ti ọdún 1976 ni ó sọ gbogbo ilẹ̀ yìí di ti Ìjọba Àpapọ̀, ọmọ Yorùbá bí tiwa, Adájọ́ Akínọlá Àgúdà, ni ó sì ṣe alága ìgbìmọ̀ tí ó dá a lábàá. Àwọn onílẹ̀ kò torí èyí gbàgbé ààlà oko wọn. Ní ọdún tí ó kọjá, ajá ọ̀kan nínú wa pa ewúrẹ́ méjì lẹ́sẹ̀ òkè kan. Ẹgbẹ́ san owó ewúrẹ́ náà, ṣùgbọ́n títí di òní, bí obìnrin wa bá dé ọjà abúlé náà, wọn kì í fi ẹ̀rín kí i. Àwọn ọmọ wa tí ń bẹ ní òkè òkun a máa wí pé òfẹ́ ni òkè lọ́dọ̀ àwọn. Bẹ́ẹ̀ ni, ní Scotland, òfin 2003 gbà kí ènìyàn mú ajá rìn lórí òkè, bí ajá náà bá ń gbọ́ràn. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ pàápàá, bí àgùntàn bá wà nítòsí, okùn ni.

Àdéhùn wa pẹ̀lú bàbá náà ni pé òwúrọ̀ Sátidé nìkan ni a óò máa wá, okùn yóò sì wà lọ́rùn ajá títí a óò fi kọjá oko àti ewúrẹ́. Bí a bá rí màlúù àwọn Fúlàní, okùn padà sọ́rùn.

Àwọn àgbà ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Nítorí náà, nínú àgbàlá ni kí ẹ ti fi fèrè kọ́ ọ: ẹ fun fèrè, ẹ fún un ní ẹran díẹ̀, títí yóò fi máa sáré wá. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi okùn gígùn dán an wò. Kí oòrùn tó mú ni kí ẹ lọ, nítorí àpáta a máa jó ajá lẹ́sẹ̀. Bí ẹ bá délé, ẹ wo etí rẹ̀ àti àárín ọmọ ìka rẹ̀ fún eégbọn.

Ti dìgbòlugi kì í ṣe eré. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí àrùn yìí ń mú, ó tó 99 tí ó ti ara ajá wá, bí àmì rẹ̀ bá sì ti hàn, ikú ni ó máa ń já sí. Ọdọọdún ni kí dókítà ẹranko gún ajá yín lábẹ́rẹ́. Bí ajá bá bu ènìyàn jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá nìkan lọ. Ní January 2024, àwọn ajínigbé ṣọṣẹ́ ní agbègbè Bwari, a kò sì gbàgbé. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá wa lọ, kí ó wá sí iwájú ibùdókọ̀ ojú irin Kubwa ní aago mẹ́fà òwúrọ̀ Sátidé kejì oṣù. Kí ó mú okùn, omi àti káàdì abẹ́rẹ́ ajá rẹ̀ dání. Abo ajá tí akọ ń lé kiri, ẹ fi í sílé.