Ìkòtún sí Johannesburg

Tí a bá wọ̀n ọ́n lójú òfurufú, láti Johannesburg dé Èkó tó nǹkan bíi 4,500 kìlómítà. Wákàtí mẹ́fà ni bàálù ń fi rìn ín: á gba orí Botswana àti Àǹgólà kọjá, á bọ́ sórí òkun, kó tó balẹ̀ ní pápákọ̀ Murtala Muhammed n'Íkẹjà. Aago tiwọn fi wákàtí kan ṣáájú tiwa. Ẹni tó bá gbéra lọ́hùn-ún láago méjì ọ̀sán, aago méje alẹ́ ni yóò bá l'Ékòó. Tó bá ń padà lọ, aago á gba wákàtí tó fi ta á lọ́rẹ.

Nígbà ayé Wòlíì T. B. Joshua, tó di olóògbé lóṣù Kẹfà ọdún 2021, àwọn ará South Africa mọ ọ̀nà yìí dunjú. Wọn kì í wá wo Èkó. Ìkòtún gan-an ni wọ́n ń bọ̀, ní ìjọ Synagogue tó jẹ́ ti wòlíì náà. Àwọn onílé sọ yàrá ìháyà di òtẹ́ẹ̀lì, àwọn tó ń ṣẹ́ owó ilẹ̀ òkèèrè sì gbé àga síta. Ibẹ̀ ni mo ti kí ìyá àgbàlagbà kan pé, “Màmá, ẹ kú ewu ọ̀nà.” Ó ní bàálù ò rẹ òun rárá, inú mọ́tò ni egungun ti ń dun òun.

Òótọ́ ló sọ. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ é fò láìfara kanra, ṣùgbọ́n Ìsọlọ̀, Ọ̀kè-Àfà àti Èjìgbò ò fàyè gba ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀. Èèyàn lè fi wákàtí mẹ́ta jókòó nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, kó gbé ẹrù lé itan, kí ọmọ tó ń ta gala máa ṣáájú mọ́tò lọ.

Kó tó kan ti mọ́tò, ti físà ṣì wà ńlẹ̀ o. Ọmọ Ẹgbẹ́dá l'Ékòó níbí tó bá fẹ́ lọ sọ́dọ̀ tiwọn yóò kọ́kọ́ wá físà. Yóò kó ìwé báńkì àti lẹ́tà ìkésíni jọ, yóò sanwó, yóò wá máa retí ìpè. Kìlómítà kan náà ni, ẹni tó ń bọ̀ àti ẹni tó ń lọ ló sì ń wá físà.

Lọ́jọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014, ilé àlejò inú ọgbà ìjọ Synagogue náà wó. Èèyàn 116 ló kú, ará South Africa ló pọ̀ jù nínú wọn. Ká tó mọ òkú ta ni ti ta, ó di àyẹ̀wò DNA. Ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá ni òkú 74 tó dé ilẹ̀ South Africa. Àwọn yòókù ṣì wà lẹ́yìn títí wọ inú ọdún 2015.

Èmi ará Ìgàndò, mi ò mọ Johannesburg. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbọ́ pé ibì kan ò ju wákàtí mẹ́fà lọ, àwọn ẹbí wọ̀nyẹn ni mo máa ń rántí. Wọ́n sin èèyàn wọn dé pápákọ̀ pé ó ń lọ gbàdúrà, wọ́n sì retí rẹ̀ ju oṣù méjì lọ kí wọ́n tó rí i sin.