Pápá Koríko Oníke

Àwa tí a ń gbé Atakpamé mọ bí àwọn ọmọ wa ti fẹ́ràn bọ́ọ̀lù tó. Bí ẹ bá gba Agbonou kọjá ní ìrọ̀lẹ́, ẹ ó rí wọn lórí ilẹ̀ pupa, eruku a bò wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀. Àwa ìyá ni a ń fọ aṣọ náà, a sì mọ iye ọṣẹ tí ó ń gbà. Nítorí náà, inú wa dùn nígbà tí a gbọ́ pé pápá kan wà tí kò ní eruku rárá. Koríko oníke ni wọ́n fi ṣe é.

Ọmọ àbúrò mi, ọmọ ọdún 15, bá ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ gbá bọ́ọ̀lù lórí irú pápá bẹ́ẹ̀ ní Lomé. Ọ̀sán gangan ni wọ́n gbá a. Nígbà tí ó dé, orúnkún rẹ̀ ti bó bí ẹni tí iná jó. Ohun dúdú wínníwínní kún inú bàtà rẹ̀ bí ẹ̀tù ìbọn. Ó ní, "Ìyá, ilẹ̀ ibẹ̀ gbóná bí agbada gàrí." Mo gbọ́ òórùn ohun dúdú náà. Òórùn táyà ni.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. Táyà ọkọ̀ tí ó ti gbó ni wọ́n ń lọ̀, tí wọ́n ń dà sáàárín koríko náà kí ilẹ̀ lè rọ̀. Pápá kan lè gba táyà 20,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 1966 ni koríko oníke di olókìkí, nígbà tí wọ́n tẹ́ ẹ sínú pápá Astrodome ní ìlú Houston ní Amẹ́ríkà. Pápá náà ní òrùlé, koríko gidi sì kú níbẹ̀ nítorí pé kò rí oòrùn tó. Ẹ wò ó o! Ohun tí wọ́n wá fún ibi tí oòrùn kò dé ni wọ́n gbé wá fún àwa tí oòrùn ń pa.

Ooru yìí ni ó bà mí lẹ́rù jù. Ní ọdún 2002, àwọn olùwádìí ní yunifásítì Brigham Young ní Amẹ́ríkà wọn ooru irú pápá bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ tí ooru afẹ́fẹ́ tó nǹkan bí 37, ti orí pápá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 93. Ẹ rántí pé omi tí ó ń hó kò ju 100 lọ. Wọ́n bu omi sí i, ó tutù, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ó tún gbóná.

Ojú egbò náà kò ṣe é fojú kéré. Ní ọdún 2003, àwọn agbábọ́ọ̀lù márùn-ún nínú ẹgbẹ́ Rams ti ìlú St. Louis ní eéwo níbi tí koríko oníke ti bó wọn lára. Kòkòrò tí ọ̀pọ̀ oògùn kò ràn ni ó wọ ojú egbò náà. Nítorí náà, omi mímọ́ àti ọṣẹ ni mo kọ́kọ́ fi fọ orúnkún ọmọ mi, kí n tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Ẹ ó gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ pé táyà lílọ̀ yìí ń fa àrùn jẹjẹrẹ. Ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà, olùkọ́ bọ́ọ̀lù kan kọ orúkọ àwọn ọ̀dọ́ tí àrùn náà mú sílẹ̀. Aṣọ́lé pọ̀ nínú wọn. Ilé iṣẹ́ ìlera ìpínlẹ̀ náà wádìí ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún 2017 wọ́n ní iye àwọn tí ó ṣàìsàn kò ju bí ó ti yẹ kí ó rí lọ. Èmi kò ní fi jẹjẹrẹ dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí ó wà ní ìṣọ̀kan ṣe òfin ní ọdún 2023 pé, bí ó bá di oṣù kẹwàá ọdún 2031, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta táyà lílọ̀ fún pápá mọ́, nítorí pé ó ń ṣàn lọ sínú ilẹ̀ àti omi.

Àwọn ọ̀dọ́ bi mí pé, "Ìyá, ilẹ̀ pupa tiwa ńkọ́? Kò ha ní òkúta?" Òótọ́ ni wọ́n sọ. Òkúta ibẹ̀ ti ya ẹsẹ̀ púpọ̀. N kò sọ pé kí wọ́n má lọ sí Lomé. Ohun tí mo ń bẹ̀ fún ni pé kí wọ́n gbá a ní òwúrọ̀ tàbí ní ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n wọ bàtà, kí wọ́n mu omi dáadáa, kí wọ́n sì gbọn bàtà wọn síta kí wọ́n tó wọlé.

Mo lọ bá olùkọ́ bọ́ọ̀lù wọn. Ó ní àwọn tí ó ni pápá ni ó ń yan àkókò, ọ̀sán ni wọ́n sì máa ń fún àwọn tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá. Ó ní òun yóò tún bẹ̀ wọ́n. Oṣù tí ń bọ̀ ni wọn yóò tún lọ. Mo ti ra kẹ́ẹ̀gì omi méjì sílẹ̀.