Atukọ̀ Tó Mọ Bọ́ọ̀lù Í Fi Sílẹ̀

Bí wọ́n bá dárúkọ Stephen Curry, bọ́ọ̀lù alámì mẹ́ta ló ń kọ́kọ́ sọ sí èèyàn lọ́kàn. Ìyẹn kò ṣàjèjì, ilé ló ti bá a: sáà 16 ni Dell, bàbá rẹ̀, fi gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n nínú líìgì NBA, iṣẹ́ àti máa jù ú láti òkèèrè ló sì fi jẹun. Àmọ́ point guard ni iṣẹ́ tí wọ́n gba ọmọ náà sí níbẹ̀. Òun ni atukọ̀ ẹgbẹ́, ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù gòkè, tó ń wo ibi tí àyè ṣí sí, tó sì ń pín in fún ẹni tó kàn. Ọdún tó lò kẹ́yìn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ló ṣẹ̀ṣẹ̀ di iṣẹ́ yẹn mú.

Jíjù náà kò ṣàì jẹ ẹ́ níyà. Nígbà tó wà ní girama ní Charlotte, ó tín-ín-rín, apá rẹ̀ kò sì le, láti ìsàlẹ̀ nítòsí ìbàdí ló ti ń ju bọ́ọ̀lù. Bàbá rẹ̀ rí i pé àwọn tó ga jù ú lọ á kàn máa gbá a dànù mọ́ ọn lọ́wọ́ ni, ó bá ní kó máa ti òkè orí jù ú. Odindi ọlidé kan ni wọ́n fi tú ọwọ́ náà palẹ̀ tí wọ́n sì tún un tò. Ẹni tó ń jù ú wọlé láti ọ̀nà jíjìn tẹ́lẹ̀ kò wá lè jù ú wọlé mọ́ àfi tó bá sún mọ́ abẹ́ àwọ̀n. Ọwọ́ tuntun yìí kò tíì tó mú àwọn ilé ìwé ńlá wá a wá. Virginia Tech, níbi tí Dell ti gbá bọ́ọ̀lù, ní kó máa bọ̀, ṣùgbọ́n wọn ò fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Davidson ló gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀, ilé ìwé kékeré kan ní North Carolina tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kò tó 2,000. Bob McKillop ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn.

Nínú ìdíje rẹ̀ àkọ́kọ́, ní oṣù kọkànlá 2006, ìgbà 13 ló sọ bọ́ọ̀lù nù. Ọ̀gá mìíràn ì bá ti ní kó lọ jókòó. McKillop fi í sílẹ̀ lórí pápá, lọ́jọ́ kejì ó ju àmì 32 wọlé níwájú Michigan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Davidson ló pàdánù.

Fún ọdún méjì, Jason Richards, akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Davidson, ló ń tukọ̀. Eré sísá ni ti Curry. Àwọn sìgbọnlẹ̀ inú ẹgbẹ́ á fi ara dínà, Curry á gba ẹ̀yìn wọn kọjá, ẹni tó ń ṣọ́ ọ á kọlu èjìká ẹnì kan, kó tó gbọnra nù, Curry ti yọ ní òdìkejì, bọ́ọ̀lù Richards sì ti ń bọ̀ wá bá a. Ní sáà 2007 sí 2008, kò sí ẹni tó pín bọ́ọ̀lù tó ń wọlé tó Richards nínú ìdíje kọ́lẹ́ẹ̀jì onípele àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà. Àwọn méjèèjì yìí ló kó Davidson kọjá Gonzaga, Georgetown àti Wisconsin nínú ìdíje ife-ẹ̀yẹ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní oṣù kẹta 2008. Kansas ló dá wọn dúró, 59 sí 57. Ní ìṣẹ́jú àáyá tó gbẹ̀yìn, ẹni méjì ká Curry mọ́, ó gbé bọ́ọ̀lù fún Richards, Richards jù ú, kò sì wọlé. Ẹ ó máa gbọ́ pé Curry ni ì bá jù ú. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ o. Ẹni tí àyè ṣí sílẹ̀ fún ló gbé e fún.

Richards ṣe tán, ọkọ̀ bọ́ sí Curry lọ́wọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn kan náà, akọ́nimọ̀ọ́gbá Loyola ti Maryland, Jimmy Patsos, ní kí ẹni méjì lẹ̀ mọ́ ọn lára níbikíbi tó bá yà sí, ì báà ní bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ì báà má ní in. Curry wò ó, ó rìn lọ sí igun pápá, ó dúró síbẹ̀. Àwọn méjèèjì dúró tì í. Bí ẹni mẹ́rin ṣe kojú ẹni mẹ́ta nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ló ju bọ́ọ̀lù, òdo ni wọ́n kọ síwájú orúkọ rẹ̀, Davidson sì na Loyola ní 78 sí 48. Ẹni tó ṣe èyí ló parí sáà náà pẹ̀lú ìpíndọ́gba àmì 28.6, tí kò sí ẹni tó jù ú lọ ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà.

Ó kúrò ní 2009 láì tíì gba fúrídọ̀mù. 2022 ló tó gba ìwé ẹ̀rí Davidson. Nígbà tí NBA ń ṣa ọmọ tuntun, Minnesota ṣa point guard méjì léra wọn, wọn ò wo apá ọ̀dọ̀ rẹ̀. Golden State ló mú un ní ipò keje. Kò rọrùn níbẹ̀. Monta Ellis ti wà nídìí bọ́ọ̀lù, ó sì sọ fáwọn oníròyìn pé àwọn ẹni kékeré méjì ò lè jọ wà lórí pápá. Ọrùn ẹsẹ̀ Curry tún ń yẹ̀, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí i lẹ́ẹ̀mejì, ìdíje 26 péré ló gbá nínú 66 ní sáà 2011 sí 2012. Àwọn tó ń tọ́jú ara rẹ̀ wá kọ́ ọ láti gbé agbára kúrò lórí ọrùn ẹsẹ̀ lọ sí ìbàdí, ó ń gbé irin wíwúwo títí ó fi mọ́ ọn lára. Wọ́n ti fi Ellis ṣe pàṣípààrọ̀ ní oṣù kẹta 2012.

Nígbà tí Steve Kerr dé bí akọ́nimọ̀ọ́gbá ní 2014, ohun tí Curry mọ̀ láti Davidson wá wúlò gan-an. Bí ẹni méjì bá ti já lù ú lókè, á tètè ta bọ́ọ̀lù sí akẹgbẹ́ rẹ̀ Draymond Green láàárín, Green á sì kọjú sí ọ̀nà àwọ̀n, ẹni mẹ́rin sí mẹ́ta. Curry fúnra rẹ̀ ti ń sá lọ, ó ń gba ẹ̀yìn àwọn sìgbọnlẹ̀ kọjá sí igun. Golden State gba ife ní 2015, irú èyí tí wọn ò rí gbà láti 1975. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń bá wọn pàdé mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ẹni méjì bá lọ bá a. Wọ́n ṣì ń rán ẹni méjì.