Kí Ọmọ Tó Gbá Ọ̀pá Mú

Ní ìlú Montréal, bí ìgbà ọ̀gìnnìtìn bá ti dé, tí omi dì bí òkúta, ìbéèrè kan náà ni àwọn òbí ń bi ara wọn: níbo ni kí ọmọ ti bẹ̀rẹ̀? Àwọn ará Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ tí wọ́n fi ibẹ̀ ṣe ilé kò lè yẹ ìbéèrè náà sílẹ̀, nítorí họ́kì orí yìnyín ni ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ ọmọ wọn ní ilé-ìwé. Nígbà tí mo lọ kí àbúrò mi obìnrin níbẹ̀, ó ní, « Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ni olùkọ́, ẹ bá wa wò ó. » Ọkọ rẹ̀ fẹ́ kí ọmọ wọn, ọmọ ọdún 6, wọ ẹgbẹ́ họ́kì lójú ẹsẹ̀. Àbúrò mi ń bẹ̀rù owó, ó sì ń bẹ̀rù eyín ọmọ.

Ọ̀nà méjì ló wà níwájú wọn. Èkíní ni Patinage Plus, ètò Patinage Canada, níbi tí ọmọ ti ń kọ́ bí a ti ń dúró, bí a ti ń rìn, bí a sì ti ń yí padà lórí yìnyín, láìsí ọ̀pá lọ́wọ́. Èkejì ni MAHG ti Hockey Québec, níbi tí ọ̀pá àti rọ́bà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbá ti ń wọ inú ẹ̀kọ́. Ti eyín kò le tó bí àbúrò mi ti rò: akoto tí ó ní agọ̀ ojú jẹ́ dandan fún ọmọdé tí ń gbá họ́kì, òfin kò sì gba àwọn ọmọ kékeré láyè láti fi ara kọlu ara wọn. Láti ọdún 2017 ni Hockey Canada ti pàṣẹ pé apá kan pápá ni kí àwọn tí ó kéré jù máa lò. Pápá àwọn àgbà gùn tó mítà 61. Kí ni ọmọ ọdún 6 fẹ́ fi ṣe?

Owó ni ọ̀ràn gan-an. Bàtà onírin àti akoto ti tó fún Patinage Plus. Họ́kì ń béèrè ìbọ̀wọ́, aṣọ èjìká, ohun ìdáàbòbò orúnkún àti ìgúnpá, ọmọ a sì dàgbà kọjá gbogbo rẹ̀ kí ọdún tó yípo.

Mo lọ wo ibi méjì. Ní ibi kan, àwọn ọmọ tò sẹ́yìn ara wọn. Ẹni tí mo tẹjú mọ́ pẹ́ lórí ìdúró ju ìrìn lọ, òtútù mú un títí ó fi sunkún. Ní ibi kejì, wọ́n pín yìnyín sí apá mẹ́rin, ọmọ mélòó kan lọ́dọ̀ olùkọ́ kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ẹni tí ó dúró lásán. Bí a ti ń ṣubú ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ wọn: kí a tẹ orúnkún, kí a fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kí a kúnlẹ̀ kí a tó dìde. Létí ọ̀sà Àjàṣẹ́, ta ní í fi àjẹ̀ lé ọmọ lọ́wọ́ kí ó tó mọ bí a ti ń lúwẹ̀ẹ́? Ẹ̀yin òbí, ẹ má béèrè iye ife-ẹ̀yẹ tí ẹgbẹ́ gbà. Ẹ lọ jókòó, kí ẹ wo bí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ti ń ṣiṣẹ́ tó.

Àna mi rán mi létí Willie O'Ree, tí ó di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nínú NHL ní ọjọ́ 18 oṣù kìíní ọdún 1958, ní Montréal náà. Ó ní yìnyín kì í ṣe ogún baba ẹnì kan. Òótọ́ ni.

Ṣùgbọ́n agogo 8 òwúrọ̀ Àbámẹ́ta ni ti họ́kì. Agogo 2 ọ̀sán ni ní Kétu nígbà náà, àkókò tí ìyá wa máa ń jókòó ti fóònù láti bá ọmọ yìí sọ̀rọ̀. Wákàtí kan péré lọ́sẹ̀ ni ó fi ń gbọ́ Yorùbá tí kì í ṣe ti ìbáwí. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni Patinage Plus. Èyí ni mo fi dá ẹjọ́ náà: patinage lọ́dún yìí, họ́kì lọ́dún tí ń bọ̀. Àna mi gbà, ṣùgbọ́n ó ra ọ̀pá kan, ó gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ní Àbámẹ́ta tí ó tẹ̀lé e, ọmọ náà sọ fún ìyá wa pé òun ti rìn lórí yìnyín. Yìnyín tí ìyá wa mọ̀ ni èyí tí òjò ń rọ̀ sórí páànù. « Èyí tí ń já láti òkè? » Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. « Rárá, ìyá àgbà, ilẹ̀ ni tiwa wà. Mo ṣubú lẹ́ẹ̀mẹ́rin. »