Ọdún Mẹ́ta Nílé Òyìnbó Míṣọ́nnárì

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, òkun o! Bẹ́ẹ̀ ni àwa ará ilẹ̀ Kàbà ti ń kí ara wa, ìkíni náà ni wọ́n sì fi ń pè wá ní Òkun. Láìpẹ́ yìí ni ọmọ-ọmọ mi bi mí pé, "Bàbá, kí ni àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì máa ń fi gbogbo ọjọ́ ṣe?" Ó rò pé ìwàásù nìkan ni. Mo rẹ́rìn-ín, nítorí láti 1956 títí di 1959 ni mo fi ṣe bọ́ì nílé ọ̀kan nínú wọn, mo mọ ohun tí wọ́n ń jẹ, mo sì mọ ohun tí ń dùn wọ́n.

Ní 1908 ni Tommy Titcombe ti Kánádà wá dé Ẹ̀gbẹ̀ ní ilẹ̀ Yàgbà. Òun àti Ethel ìyàwó rẹ̀ ni ó jà fún ẹ̀mí àwọn ìbejì tí wọn ì bá pa. Ẹgbẹ́ S.I.M. tí ó rán an wá dá Titcombe College sílẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ̀ ní 1951, ilé ìwòsàn sì tẹ̀lé e ní 1952. Kì í ṣe ibẹ̀ ni mo wà o. N kò ní dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ tèmi, nítorí àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn lè wà láàyè síbẹ̀. Bàbá mi kò rí owó ilé ìwé san, nítorí náà mo ń pọnmi, mo sì ń la igi fún tíṣà òyìnbó kan àti ìyàwó rẹ̀.

Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tí wọn yóò ti jí, tí wọn yóò ka Bíbélì, tí wọn yóò sì gbàdúrà. Omi odò tí mo bá pọn, a ó sè é, a ó sẹ́ ẹ, kí ẹnikẹ́ni tó fi kan ẹnu. Bí mo bá gbàgbé, ọ̀rọ̀ dé nìyẹn. Wọn a gbé oògùn ibà mì. Bí aago bá ti lù, ó di kíláàsì. Lọ́sàn-án, wọn a sùn díẹ̀, àwọn ará ìlú a sì máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọ̀lẹ ni òyìnbó. Wọn kò rí ọ̀gá lálẹ́, tí ó jókòó ti òkìtì ìwé àwọn ọmọ, tí kòkòrò ń gbá a lójú nídìí àtùpà. Bí ó bá di Sátidé, yóò gun kẹ̀kẹ́ lọ sí abúlé.

Èdè wa ni ó fi ìyà jẹ ìyáàfin jù. Ní ọjọ́ kan ó tọ ìyá kan lọ nítòsí, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yá mi ní ọkọ yín, mo fẹ́ fi ro ọgbà. Lọ́la ni n óo dá a padà." Ọkọ́ ni ó ń wá, ọkọ ni ó pè! Ìyá náà dáhùn pé, "Ẹ máa mú un lọ. Kò kúkú mọ oko í ro."

N kò ní pọ́n wọn ju bí ó ti yẹ lọ. Fún ọdún mẹ́ta gbáko, n kò jókòó nídìí tábìlì wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni mo ti ń jẹun. Ìlù àwọn baba wa pẹ̀lú, iṣẹ́ èṣù ni wọ́n pè é. Ó ń dùn mí títí di òní.

Ṣùgbọ́n ọmọ wọn ọkùnrin a máa bá mi jẹun. Èdè Yàgbà ni ó ń sọ bí ọmọ ìlú. Àwa méjèèjì la jọ ń gbẹ́ ihò ìrẹ̀, a ó sun ún, a ó jẹ ẹ́, a sì rò pé ìyá rẹ̀ kò mọ̀. Ní 1958 ó pé ọmọ ọdún mẹ́fà. Kent Academy, ilé ẹ̀kọ́ tí S.I.M. dá sílẹ̀ fún ọmọ àwọn míṣọ́nnárì, wà ní Miango lẹ́bàá Jos, ibẹ̀ ni wọn yóò rán an lọ gbé. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ìyáàfin fi ń rán orúkọ ọmọ náà mọ́ aṣọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan ìbọ̀sẹ̀. Ọjọ́ tí ọkọ̀ wá gbé e pẹ̀lú àwọn ọmọ mìíràn, kò sunkún. Ó juwọ́ sí i, ó sì wọ kíláàsì lọ.

Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún ìyá mi, ó pòṣé. "Abiyamọ wo ni yóò rán ọmọ ọdún mẹ́fà lọ sí ìdálẹ̀? Ọkàn òkúta ni wọ́n ní." Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ tí ọmọ náà lọ, ìyáàfin fúnra rẹ̀ ni ó tẹ́ tábìlì, àwo mẹ́ta ni ó sì gbé kalẹ̀. Ọ̀gá wò ó, kò sọ̀rọ̀. Mo rọra mú ẹ̀kẹta kúrò. Ní ọjọ́ kejì, mẹ́ta ni. Ó tó ọjọ́ mẹ́jọ kí ó tó di méjì.

Ìyá mi yìí kan náà ni ó ru ẹní mi lórí ní 1956, tí ó fẹsẹ̀ rìn láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, tí ó sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà àwọn òyìnbó, tí ó sì padà láìbojú wẹ̀yìn. Nígbà náà, mo rò pé mo ti sú u ni. N kò sọ èyí fún un títí ó fi kú.

Lẹ́yìn bí oṣù kan, lẹ́tà ọmọ náà dé. Ìyáàfin mú un wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ó ní, "Ó ń béèrè lọ́wọ́ rẹ bóyá ìrẹ̀ ṣì ń ké lẹ́yìn ilé." Ẹ̀rù bà mí, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní òun ti mọ̀ tipẹ́: nígbà tí òun ń rán orúkọ mọ́ ṣòkòtò rẹ̀, ẹsẹ̀ ìrẹ̀ ni òun bá nínú àpò.