Láti Rumuokoro dé Òkè-Igbó

Ìsinmi gígùn àwọn ọmọ ilé-ìwé ń bọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa yóò sì relé. Láti oríta Rumuokoro, a ó gba Ahoada, a ó kọjá ẹ̀ka odò Ọya ní Patani, a ó dé Benin àti Ọ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá gba Oǹdó lọ sí Ifẹ̀ yóò kan Òkè-Igbó, níbi tí a ti bí D. O. Fágúnwà ní 1903.

Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí ó kọ jáde ní 1938. Nígbà tí ó ti Ìlú Ọba dé, ó kọ Ìrìnàjò, apá kìíní rẹ̀ sì jáde ní 1949.

Àwọn ọmọ wa gbọ́ Píjìn àti Ikwerre. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìyá àgbà bá ń sọ̀rọ̀ tí ọmọ kàn ń wò ó lójú, ọ̀rọ̀ di ẹkún. Ẹ mú ìwé Fágúnwà dání, kí wọ́n máa kà á sókè lọ́nà. Bí wọ́n bá padà, kí wọ́n kọ ìrìnàjò tiwọn ní Yorùbá. A ó tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín.

Àlọ re, àbọ̀ re o.