Owó àjọ ìyá rẹ̀ ló fi ra pátákó kọ̀ǹpútà tó yarọ

Ará iwájú tó jìn sí kòtò, ẹ̀kọ́ ló jẹ́ fún ará ẹ̀yìn. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Ṣómólú, l'Ékòó, níbi tí àwọn atẹ̀wé pọ̀ sí bí eèrà. Òun ló máa ń to káàdì ìgbéyàwó àti ìwé ètò ìsìnkú sórí kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó gbé e lọ sórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dára, àmọ́ kò ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ti ẹlòmíì ló ń háyà ní wákàtí-wákàtí. Bó bá gba owó iṣẹ́ tán, oní-kọ̀ǹpútà á mú tirẹ̀, ọlọ́kọ̀ á mú tirẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á tún ṣófo.

Ìyá rẹ̀ ń ta ẹ̀wà àti gàrí lọ́jà Ojúwòyè, ní Múṣin. Oṣù 10 gbáko ni màmá yìí fi dá àjọ, kó lè fi páànù tuntun bo ìsọ̀ rẹ̀ kí òjò tó dé. Ọjọ́ tó kó àjọ náà, ó pe ọmọ rẹ̀, ó ka owó lé e lọ́wọ́.

"Gbà, ọkọ mi. Òjò ti ń pa mí tipẹ́, kò tíì pa mí kú. Lọ fi ra irinṣẹ́ rẹ. Àmọ́ má jẹ́ kó ṣòfò o."

Ọmọ náà pinnu pé òun ò ní ra odidi kọ̀ǹpútà. Òun á ra ẹ̀yà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, òun á tò ó fúnra òun, tó fi jẹ́ pé bí ọ̀kan bá bàjẹ́ lọ́la, ọ̀kan náà lòun máa pààrọ̀. Èrò yẹn dára. Mọ́dábọ́ọ̀dù ni gbogbo rẹ̀ rọ̀ mọ́, ìyẹn pátákó pẹlẹbẹ tí wọ́n ń ki gbogbo ẹ̀yà yòókù bọ̀: pírósẹ́sọ̀ tó jẹ́ ọpọlọ rẹ̀, RAM, ibi tí iṣẹ́ ń sùn sí, títí kan okùn iná. Ó ti rí ọ̀kan lórí fóònù, tó ń tan iná pupa, iná àwọ̀ ewé, bí ilé ijó. Owó rẹ̀ ju ìdajì owó àjọ lọ.

Màmá bi í pé, "Ṣé iná yẹn ló máa to káàdì?"

"Rárá, Màámi."

"Ẹni tó kó gbogbo owó òwò gba ìsọ̀ ńlá, kí ló máa pàtẹ síbẹ̀? Àbí afẹ́fẹ́ ló fẹ́ tà?"

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ ọ́ létí, àmọ́ ṣe ló sá fún ẹkún, tó lọ kó sí ẹnu kìnnìún. Ó lọ sí Computer Village, ládùúgbò Ọ̀tígbà n'Íkẹjà, ó wá èyí tí owó rẹ̀ kéré jù. Tòkunbọ̀ ti Intel ni, kò ní páálí, wọ́n tà á pọ̀ mọ́ ògbólógbòó pírósẹ́sọ̀. Inú rẹ̀ dùn pé òun rí ọjà ọ̀pọ̀. Nígbà tó délé, ó to gbogbo rẹ̀, ó tan iná. Fáànù yí, ojú kọ̀ǹpútà dúdú bí èédú.

Lórí pátákó Intel, abẹ́rẹ́ wínníwínní ló kún inú sọ́kẹ́ẹ̀tì tí pírósẹ́sọ̀ ń jókòó lé. Mẹ́ta nínú wọn ti wọ́. Kò sì ṣí i wò lọ́jà! Ó sáré padà, ẹni tó tà á fún un ní òun kọ́ ló tẹ̀ ẹ́. Owó àjọ oṣù 2 wọlẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ 3 ni kò fi lè wo ojú ìyá rẹ̀. Nígbà tó jẹ́wọ́, màmá dákẹ́ títí.

"Ṣé mo máa ń ra àpò ẹ̀wà láìtú ẹnu rẹ̀ wò bóyá kòkòrò ti jẹ ẹ́? Ọmọ ta ni ẹ́? Lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n."

Ló bá tọ ọ̀gá kan lọ, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ṣómólú níbẹ̀. Ọ̀gá ní kó má tún náwó lé ògbólógbòó yẹn mọ́, ó wá fi ìbéèrè 4 lé e lọ́wọ́.

"Àkọ́kọ́, ṣé sọ́kẹ́ẹ̀tì bá pírósẹ́sọ̀ mu? AM4 tí AMD gbé jáde ní 2016 kò gba ti Intel, LGA1700 ti Intel náà kò gba ti AMD. Ìkejì, RAM wo ló ń lò? DDR4 kò wọ ojú ihò DDR5. DDR4 ni ti AM4; AM5 tó jáde ní 2022, DDR5 nìkan ló ń gbà. Ìkẹta, níbo ni àwòrán máa gbà jáde? Ryzen 5 5600G ní ẹ̀rọ àwòrán nínú. Ryzen 5 5600 tí kò ní G, kò ní in, o máa tún ra káàdì àwòrán lọ́tọ̀. Lẹ́tà kan péré, owó ńlá ni o! Ìkẹrin, ṣé pátákó náà mọ pírósẹ́sọ̀ rẹ? 2018 ni B450 jáde, 2021 ni 5600G dé. Bí wọn ò bá tíì sọ BIOS rẹ̀ di tuntun, kò ní dá àlejò mọ̀. Bó bá sì jẹ́ tòkunbọ̀, yẹ abẹ́rẹ́ wò. Ti AM4, ara pírósẹ́sọ̀ ni wọ́n wà. Bí o bá rí kàpásítọ̀ tí orí rẹ̀ wú, má rà á."

Ọmọ náà tún gba Ìkẹjà lọ. B450 kékeré ló rà, tuntun nínú páálí, kò ní iná ilé ijó kankan, ó fi 5600G tì í. Kó tó sanwó, ó ní kí wọ́n tò ó, kí wọ́n tan án lójú òun. Àwòrán yọ. Owó tó ṣẹ́kù ló fi ra RAM, ibi tí iṣẹ́ ń sùn sí àti UPS, torí iná tó ń lọ tó ń bọ̀.

Látìgbà yẹn, kò háyà kọ̀ǹpútà mọ́. Òjò pa màmá ní ọdún yẹn, irọ́ kò sí níbẹ̀. Àmọ́ kí òjò ọdún kejì tó bẹ̀rẹ̀, páànù tuntun ti wà lórí ìsọ̀ rẹ̀, owó káàdì ló rà á.

Pátákó tó yarọ yẹn ńkọ́? Ó kàn án mọ́ ògiri, lókè tábìlì iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí màmá wá kí i, ó bi í pé kí ló ń fi ìdọ̀tí ṣe lára ògiri.

"Kì í ṣe ìdọ̀tí, Màámi. Owó ilé-ìwé tí ẹ san fún mi ni."